Ta ló ya fọ́tò? Ojú Ajégúnlẹ̀ àti ojú Àpápá

Ẹ gbé fóònù yín, ẹ kọ "Ajegunle" sí Google, kí ẹ wo àwọn àwòrán tó máa jáde. A ti ṣe é láìmọye ìgbà, ohun kan náà la sì máa ń rí: gọ́tà tí omi dúdú dúró sí, páànù tó ti dípẹtà, ọmọ kékeré kan tí kò wọ bàtà tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ọmọ yẹn kì í lórúkọ. Ẹ wá pa á rẹ́, kí ẹ kọ "Apapa". Tírélà lẹ máa rí, tírélà lẹ́yìn tírélà, àti kọ̀ǹténà tí wọ́n tò léra wọn bíi páálí ìṣáná. Láti òkè ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú wọn, bí ẹyẹ ṣe ń wo ilẹ̀. Agbára káká lẹ fi máa rí èèyàn kan níbẹ̀.

Àwa méjì la kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀kan nínú wa dàgbà sí Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojo Road. Èkejì dàgbà sí Àpápá, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi lóru. Ọjà Boundary ló wà láàárín wa. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé orúkọ yẹn ò parọ́: ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sọdá, ẹ ti kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, ẹ ti bọ́ sí ti Àpápá. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò kan náà ni àwọn ìyá wa ti ń ra ẹja. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ńṣe ló dà bíi pé ayé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní apá kan, èèyàn wà, àmọ́ wọ́n yà wọ́n mọ́ ìdọ̀tí. Ní apá kejì, wọn ò tiẹ̀ ya èèyàn.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí wọ́n bá ṣe rí wa ni wọ́n máa ṣe sí wa: ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́, ẹni tó fẹ́ yá ilé fúnni, ọlọ́pàá tó dá dánfó dúró tó ń béèrè pé níbo lo ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìbéèrè wa ò gùn: irú fọ́tò wo ló lè sọ òótọ́ nípa ibi tí a ti wá, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì tún lè mú un dání, kó ní "èmi nìyí"?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ náà. Ajé gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí omi ni. Ọkọ̀ ló máa ń gúnlẹ̀, èrò inú ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á já ẹrù. Ajé yìí sì ń gúnlẹ̀ lóòótọ́. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté omi jíjìn sí Àpápá. Lọ́dún 1975, ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn dúró lójú omi Èkó, wọn ò ríbi gúnlẹ̀ sí. Nígbà tó di ọdún 1977, èbúté Tin Can ṣí. Àwọn tó ń gbé ẹrù, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn tó ń dáná fún òṣìṣẹ́ èbúté, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ígbò, Ìjọ̀, Urhobo, Itsekiri, Haúsá, tí gbogbo wọn ń fi pijin bára wọn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀nà. Ajé ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó ń gorí tírélà, ó ń lọ. Gọ́tà ló ṣẹ́kù sílẹ̀ fún Ajégúnlẹ̀.

Nítorí náà, fọ́tò gọ́tà tí kò fi èbúté hàn ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Fọ́tò kọ̀ǹténà tí kò fi èèyàn hàn ti gé e sí méjì bákan náà. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú wọn o. Ibi tí wọ́n gé férémù sí ni ẹ̀tàn wà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ṣe báyìí fún. Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀, ká tó padà sí Boundary. Ní àárín òkun Pàsífíìkì, àwọn erékùṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Polynesia. Lọ́dún 1891, Paul Gauguin, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, dé Tahiti, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán àwọn obìnrin ibẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti èso. Láti ìgbà náà títí di òní, káàdì ìkíni àti ìpolówó ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò ò yéé tẹ̀ lé e: etíkun funfun, igi àgbọn, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ níbẹ̀, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí ẹ̀rù òkun tó ń ga sí i ń bà, kò sí nínú fọ́tò yẹn.

Yuki Kihara, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Samoa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Japan, ló fèsì. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní "Paradise Camp" lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Venice lọ́dún 2022. Fọ́tò 12 ni. Ó mú ìdúró àti ìjókòó tó wà nínú àwòrán Gauguin, ó wá pe àwọn fa'afafine wá sínú wọn. Àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin ní Samoa àmọ́ tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni Kihara fúnra rẹ̀. Ìjókòó kan náà ni, òdòdó kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú àwọn tó jókòó yàtọ̀. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ń wò wá padà, bí ẹni tó ń sọ pé a mọ ohun tí ẹ wá wò.

A rí ara wa níbẹ̀. Ẹni tó pe ibìkan ní párádísè àti ẹni tó pe ibòmíràn ní "slum", iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó dé. Àjèjì lójú, kò fi ríran.

Kò yẹ ká dúró síbi ká máa bínú sí àjèjì ṣá. Èdè wa gan-an fún wa ní ohun tí a lè fi wọn fọ́tò. Ẹ gbọ́ ná. Tí ìyá kan bá wọ aṣọ ọdún, tó wé gèlè, tó lọ sí sítúdíò, tó jókòó, tí fọtógíráfà tan iná tó sì tẹ bọ́tìnnì, tí ìyá náà bá padà délé, kí ló máa sọ? "Mo lọ ya fọ́tò." Òun kọ́ ló di kámẹ́rà mú o. Síbẹ̀, òun ló ya fọ́tò. Fọtógíráfà kàn bá a ṣe é ni, bí télọ̀ ṣe ń báni ṣe é tí a fi ń sọ pé "mo rán aṣọ", àti bí onídìrí ṣe ń báni ṣe é tí a fi ń sọ pé "mo dirun". Ẹni tó jókòó ló ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá na kámẹ́rà jáde láti ojú fèrèsé jíìpù, tó yà á nígbà tó ń fọ agbada lẹ́bàá gọ́tà, ọ̀rọ̀ yí nìyẹn. Kò ní sọ pé òun ya fọ́tò. Ohun tó máa sọ ni pé "wọ́n yà mí."

Mo ya fọ́tò. Wọ́n yà mí. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí la fẹ́ fi wo iṣẹ́ mélòó kan tí wọ́n ṣe ní Èkó.

Àkọ́kọ́ ni Abi Morocco Photos. Tọkọtaya ni wọ́n, John Abe àti Funmilayo Abe, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní Shogunle láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006. Lọ́dún 2024, ilé ìpàtẹ kan tó ń jẹ́ Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ fọ́tò wọn. Dúdú àti funfun ni wọ́n. Ẹ wo ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò, ẹ wo bàtà gogoro, ẹ wo báàgì tí wọ́n gbé sí orúnkún kí gbogbo ayé lè rí i. Shogunle ò sí lára àdúgbò olówó. Àmọ́ ẹ ò ní rí ẹyọ fọ́tò kan tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣàánú òun. Olúkúlùkù ló mọ apá tó fẹ́ gbé sí ìbàdí, ibi tó fẹ́ kọjú sí, ẹni tó fẹ́ kó dúró ti òun. Àwọn èèyàn yìí ya fọ́tò.

Àwọn kan lè sọ pé fọ́tò sítúdíò kì í ṣe òótọ́, pé aṣọ ẹ̀yìn irọ́ ni, pé bàtà yẹn yíyá ni. A gbà pé ó lè jẹ́ yíyá. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn fẹ́ jẹ́, òótọ́ ni lára rẹ̀. Ẹni tó yá bàtà láti fi ya fọ́tò ti sọ nǹkan kan fún yín nípa ara rẹ̀ tí kámẹ́rà inú jíìpù ò lè mọ̀ láéláé.

Àwọn tó jẹ́ kí a tún rí iṣẹ́ tọkọtaya Abe ni Lagos Studio Archives, tí Karl Ohiri àti Riikka Kassinen dá sílẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà fíìmù kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ fọtógíráfà Èkó ń da nẹ́gátíìfù wọn nù, àwọn mìíràn ń sun ún. Àwọn méjì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n kalẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ kékeré kan bá wọn rò. Lára ohun tí Ohiri ti inú rẹ̀ yọ ni "The Archive of Becoming", tó wà nínú ìpàtẹ "New Photography 2023" ní mùsíọ́mù MoMA ní New York, níbi tí wọ́n ti kó oníṣẹ́ 7 tí iṣẹ́ wọn so mọ́ Èkó jọ. Nẹ́gátíìfù tí ooru àti omi ti bà jẹ́ ni wọ́n tẹ̀ jáde bó ṣe rí. Àwọ̀ ti ṣàn pọ̀, ojú ẹlòmíràn ti yọ́ dànù bíi àbẹ́là. Ó dára wò, kò sí àní-àní. Ó jọ ìrántí fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń kú díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó ti dùn wá nìyí. Nígbà tí omi òjò wọ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ajégúnlẹ̀, álíbọ́ọ̀mù wà lára ohun tó rì. A sá a sórí okùn pẹ̀lú aṣọ. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó bò ó. Nígbà tí a ṣí i, ojú ìyàwó lọ pẹ̀lú ọ̀rá. Ìyá náà ò sọ pé ó dára. Ó jókòó sórí àga oníke, ó ní: "Mo ti sanwó fọ́tò yìí." Ẹni tó wà nínú àwọn fọ́tò tó yọ́ yẹn náà sanwó. Ó wé gèlè. Ó fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Nígbà tí a bá wá fi ìbàjẹ́ ojú rẹ̀ ṣe ẹwà ní New York, ṣé òun ló ṣì ń ya fọ́tò náà, àbí àwa ti ń yà á? A ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí ẹwà náà ti wá, gbèsè wà níbẹ̀. Ìpàtẹ tọkọtaya Abe san díẹ̀ nínú gbèsè náà, nítorí pé níbẹ̀, ojú àwọn èèyàn pé.

Ìdáhùn kejì ni ti Akinbode Akinbiyi, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìpàtẹ MoMA kan náà. Wọ́n bí i ní Oxford lọ́dún 1946, òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Berlin ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó láti ọ̀pọ̀ ọdún. Kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò. Irú kámẹ́rà yìí kì í gòkè dé ojú. Àyà tàbí ikùn ni wọ́n máa ń gbé e sí, tí ẹni tó ń lò ó á sì tẹ orí rẹ̀ ba láti wo inú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà kan dúró lójú pópó, ó tẹrí ba níwájú yín, ó dà bí ẹni tó ń kí yín. Kò na nǹkan kan sí yín lójú.

Nínú "Sea Never Dry", ó ya àwọn èèyàn Bar Beach: àwọn tó wọ aṣọ funfun wá gbàdúrà, àwọn tó ń tajà, àwọn tó kàn wá wo omi. Lónìí, iyanrìn Eko Atlantic ti bo etíkun yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ibi tó jẹ́ fún àwọn ará Èkó, fọ́tò wọ̀nyẹn ló kù. A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: iṣẹ́ rẹ̀ ò yege pátápátá nínú ìdánwò wa. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í sábà lórúkọ, orúkọ ibi àti ọdún ló máa ń kọ sábẹ́ fọ́tò. Ẹlòmíràn kọ̀yìn sí wa. Wọn ò lè sọ pé "mo ya fọ́tò". Ṣùgbọ́n kì í ṣe "wọ́n yà mí" náà. Ó jọ gbólóhùn kẹta kan: "a jọ wà níbẹ̀." Ohun tí a sì fẹ́ràn jù ni pé kì í gé èèyàn kúrò lára ibi tó wà. Èèyàn àti òkun, èèyàn àti pátákó ìpolówó, èèyàn àti ọ̀nà, inú férémù kan náà ni wọ́n wà. Ohun tí Google pín sí méjì láàárín Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ó mọ bí a ṣe ń so ó pọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò: ṣé kí a wá bo gọ́tà mọ́lẹ̀ ni? Rárá o. A ti gbé bẹ́ẹ̀dì lórí nínú omi rí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wa pé gọ́tà ò sí. Fọ́tò gọ́tà jẹ́ ẹ̀rí tí a lè gbé síwájú ìjọba. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ gọ́tà lẹ fẹ́ yà, ẹ ya gọ́tà. Ẹ fi hàn bó ṣe jìn tó, ẹ fi hàn ibi tó ti dí, ẹ kọ orúkọ àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa lọ sí ilé ìwé rẹ̀. Tí ẹ bá mú un dúró síbẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ gọ́tà. Tí ẹ bá sì fẹ́ èèyàn nínú rẹ̀ dandan, ẹ wá obìnrin tó to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wá àwọn ọ̀dọ́ tó dá owó jọ tí wọ́n fi kó o. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ dúró.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣì í mọ̀, ìyìn náà lè di ìbòjú. Ajégúnlẹ̀ ló bí galala, ibẹ̀ ni Daddy Showkey ti jáde. Ibẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Orí wa ń wú. Àmọ́ fọ́tò ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ lásán tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n kọ "ìràwọ̀ ọ̀la" sí lábẹ́, ti di káàdì ìkíni tiwa náà. Ó ń sọ pé ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ nìkan ló yẹ ká wò. Ẹni tó dúró ńkọ́? Télọ̀? Nọ́ọ̀sì tó ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́ òru? Bàbá tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí a ò tíì bí wa? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tiwọn náà sì kún fún un.

Àpápá ló tilẹ̀ ń jẹ gbèsè fọ́tò jù. Lóṣù kejì ọdún 2021, wọ́n gbé ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan jáde láti máa fi pe tírélà wọ èbúté, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ètò". Kó tó dìgbà yẹn, awakọ̀ máa ń lo ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀, lójú títì, tí òun àti mọ́tò bọ́ì rẹ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ayé ló rí fọ́tò ìlà tírélà náà láti òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti jókòó nínú orí tírélà rí. Pálọ̀ ni! Kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, sílípáàsì wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tùlù wà, tẹ̀súbáà gbé kọ́, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ méjì wà níwájú ibi tó ti ń wakọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "bọ̀ọ́dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ya fọ́tò nínú ilé yín yìí" máa gba fọ́tò Àpápá tí a ò tíì rí lórí fóònù wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́ la ń bá wí, àwa náà wà níbẹ̀. Kò pọndandan kó jẹ́ Rolleiflex. Ẹ tọrọ àyè. Ẹ béèrè orúkọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ kọ ọ́. Ẹ tẹ fọ́tò náà jáde, kí ẹ gbé e padà fún un. Ìyẹn ló ń yọ wá lẹ́nu jù lọ, nítorí pé àwa náà ti ya èèyàn rí tí a ò padà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, a sọ fún ìyá kan tó ń ta ata gbígbẹ ní Boundary pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ yà yín." Ó wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kí ẹ lè gbé mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì?" A ní rárá mà, tiyín ni. Ó ní, "Ẹ dúró nígbà náà." Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù. Ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó bá òun wo ọjà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé lẹ́ẹ̀mejì, ó fa abọ́ ata tó pupa jù wá síwájú, ó lé àwa fúnra wa kúrò níbi tí a dúró sí, ó ní oòrùn ò ní jẹ́ kí ojú òun hàn dáadáa láti ibẹ̀. Ó jókòó. Ó ní, "Ó yá."

A tẹ̀ ẹ́ jáde, a gbé e lọ fún un. Nígbà tí a tún kọjá níbẹ̀, ó ti fi ọ̀rá wé e, ó so ó mọ́ òpó agbòjò rẹ̀. Oníbàárà kan ń wò ó, ó ní, "Màmá, ta ló yà yín báyìí?"

Ìyá náà ń wọn ata lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi ni mo yà á."